Ìgbà Kẹwàá

Ọjọ́ Ajé ni Olùṣọ́ kọ̀wé sí mi pé ìwé àṣẹ wa máa kú lọ́jọ́ Ẹtì, ní agogo méjìlá ọ̀sán. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún kà á. Kò yí padà.

Olùṣọ́ ni a ń pe sọ́fúwíà tí èmi àti àbúrò mi fi ń ṣọ́ fóònù àwọn oníbàárà wa. Orúkọ tí àwọn tó ṣe é fún un gùn, kò sì dùn lẹ́nu. Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ilé iṣẹ́ kan ra fóònù fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Kò fẹ́ kí wọ́n máa fi wo bọ́ọ̀lù. Kò fẹ́ kí ẹni tó bá jí i rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó gbé e fún wa. A ó ti èyí tó yẹ ní títì, a ó ṣí èyí tó yẹ ní ṣíṣí. Bí fóònù kan bá sọ nù, a ó jókòó sí ọ́fíìsì wa, a ó sì tì í pa láti ibẹ̀.

Àwọn nọ́ọ̀sì tó ń lọ tọ́jú aláìsàn nínú ilé wọn ló ni àwọn fóònù tó wà lábẹ́ wa. Ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá ni. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àdírẹ́sì àwọn aláìsàn wà, àti oògùn tí wọ́n ń lò, àti nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí ilẹ̀kùn ẹni tí kò lè dìde ṣílẹ̀kùn. Nítorí náà títì wọn kì í ṣe eré. Oníbàárà márùn-ún la ní tẹ́lẹ̀. Mẹ́rin ti lọ bá àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Ẹyọ kan yìí ló kù. Bó bá lọ, a ó ti ọ́fíìsì.

Ìwé àṣẹ ni ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fóònù fi ń mọ̀ pé àṣẹ tó ti ọ̀dọ̀ Olùṣọ́ wá kì í ṣe ti olè. Ọdọọdún là ń sọ ọ́ dọ̀tun. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí a má gbàgbé: àkáǹtì tí a fi gbà á lọ́jọ́ àkọ́kọ́ la gbọ́dọ̀ máa fi sọ ọ́ dọ̀tun. Bí a bá fi òmíràn gbà á, tàbí tí a bá jẹ́ kó kú, okùn já nìyẹn. Kò sí fóònù kan tó máa gbọ́ tiwa mọ́. A ó kó gbogbo wọn padà, a ó nu gbogbo ohun tó wà nínú wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ti àbúrò mi ni àkáǹtì náà. Ó sì ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí àbúrò mi ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Rọpárọsẹ̀ ló kọlù ú. Ọwọ́ ọ̀tún kò gbé. Ọ̀rọ̀ kò jáde, àfi ẹyọ kan.

Èmi ni mo fà á. Kì í ṣe àìsàn ni mo ń wí. Ọ̀rọ̀ àkáǹtì ni.

Ọdún kẹjọ rèé. A kó sọ́fúwíà mẹ́fà jọ, a fi oṣù kan dán wọn wò. A to fóònù méjìlá sórí tábìlì, a ń tì wọ́n, a ń ṣí wọn, bí ẹni ta ayò. Àbúrò mi yára. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè é ní Kíámọ́sá. Èyí tó rẹwà ló fẹ́. Èmi fẹ́ èyí tó le.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo àwọ̀ rẹ̀ ná."

"Àwọ̀ kì í ti ilẹ̀kùn."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá ẹ̀wọ̀n ló yẹ kí wọ́n fi yín ṣe. Ẹ ò rí i pé wọ́n ṣì yín gbé ni."

Mo pe ilé iṣẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó ṣe wọ́n lákòókò oúnjẹ ọ̀sán, kí n lè mọ àwọn tó máa gbé fóònù. Méjì ló gbé e. Nínú méjèèjì, Olùṣọ́ ló lè nu fóònù débi pé ẹni tó ṣe é gan-an kò ní rí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Mo ní òun ni. Kò sí àríyànjiyàn.

Lọ́jọ́ tí a máa gba ìwé àṣẹ, ẹ̀rọ béèrè àkáǹtì. Ọ́fíìsì kò tíì ní tirẹ̀. Ti Kíámọ́sá wà ní ṣíṣí lórí tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Fi tìẹ sí i," mo wí. "A ó wá pààrọ̀ rẹ̀."

Ó wò mí. "Ṣé ó dá yín lójú?"

"Kọ ọ́ jàre."

Èmi tí wọ́n ń bú pé mo lọ́ra, ọjọ́ yẹn ni mo yára. A kò pààrọ̀ rẹ̀. Ọdọọdún ló ń sọ ọ́ dọ̀tun kí n tó rántí. Nínú ìwé tí mo ń fún àwọn oníbàárà, òfin kìíní ni pé kí wọ́n má ṣe fi orúkọ ẹnì kan ṣoṣo gba ohunkóhun. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Mo lọ sílé rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé yẹn kan náà. Wọ́n ti gbé bẹ́ẹ̀dì sí pálọ̀ nítorí àtẹ̀gùn. Wọ́n fa àga ìrọ̀gbọ̀kú ti ògiri. Oògùn rẹ̀ wà nínú páálí bàtà. Tẹlifíṣọ̀n ń ṣiṣẹ́ láìsí ohùn. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, ló ṣílẹ̀kùn, téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Báwo ni?"

"A ń wò ó."

Kíámọ́sá rí mi. Ojú rẹ̀ tàn. "Dúró," ó wí.

Ọ̀rọ̀ tó ṣẹ́kù fún un nìyẹn. Bó bá fẹ́ omi, dúró. Bí ara bá ń dùn ún, dúró. Bó bá ń kíni, dúró. Ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé ẹni tí kì í dúró de ẹnikẹ́ni láyé ni wọ́n fi dúró fìyà jẹ.

Mo béèrè tábúlẹ́ẹ̀tì. Inú rẹ̀ ni páswọ́ọ̀dù àkáǹtì wà. Bí a bá sì sọ pé a ti gbàgbé páswọ́ọ̀dù, orí tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn náà ni wọ́n máa fi kóòdù ìdámọ̀ ránṣẹ́ sí. Nọ́ńbà fóònù tó fi síbẹ̀, ó ti pa á tì láti ọdún mẹ́ta.

Ìyàwó gbé e wá. Ó ń fi etí aṣọ nu ojú rẹ̀ bó ti ń bọ̀.

"Bátìrì rẹ̀ kú nígbà tí a wà ní ọsíbítù. Mo fi iná sí i lára lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ń béèrè nọ́ńbà mẹ́fà."

"Ṣé o tẹ̀ ẹ́?"

Ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Ìgbà mélòó?"

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò kà á."

"Kà á báyìí."

Ó na ìka. "Ọjọ́ ìbí mi. Ọjọ́ ìbí tiẹ̀. Ti ọmọ àkọ́kọ́. Ti èkejì. Ọjọ́ ìgbéyàwó wa." Ó na ìka kan lára ọwọ́ kejì. "Ọjọ́ tí màmá yín kú. Ìgbà yẹn ló ní kí n dúró fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀rù bà mí, mo fi í sílẹ̀."

"Mẹ́fà."

"Ṣé ó burú ni?"

Èmi ni mo ṣe òfin náà. Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ kóòdù tí kì í ṣe òun nígbà mẹ́wàá, ẹ̀rọ á nu gbogbo ohun tó wà nínú ara rẹ̀. Kíámọ́sá ti bẹ̀ mí nígbà náà pé kí n yọ tábúlẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ kúrò lábẹ́ òfin. Mo ní bí ọ̀gá kò bá pa òfin mọ́, ta ni kó pa á mọ́? Ó ní, "Ó dáa, ọ̀gá ẹ̀wọ̀n."

"Mẹ́rin ló kù," mo wí fún ìyàwó.

Ó jókòó.

Ọ̀nà kan wà tó yẹ kó rọrùn. Láti inú Olùṣọ́, mo lè yọ kóòdù kúrò lórí ẹ̀rọ èyíkéyìí tó wà lábẹ́ wa. Mo ṣí kọ̀ǹpútà mi lórí orúnkún. Mo pàṣẹ. Olùṣọ́ kọ ọ́ pé: àṣẹ ń dúró de ẹ̀rọ. Mo mọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n mo fún un ní wákàtí kan. Ẹ̀rọ tí bátìrì rẹ̀ kú tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jí kì í wọ Wai-Fai àfi bí ẹni tó ni ín bá kọ́kọ́ fi kóòdù ṣí i. Tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn kò ní síìmù. Kò sí bí àṣẹ ṣe máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó wà lórí orúnkún mi kejì, àlàfo ìka mẹ́rin sí kọ̀ǹpútà. Àṣẹ ń dúró.

Mo kọ òdo dé mẹ́sàn-án sínú ìwé gbàǹgbà gbàǹgbà. Mo gbé e síwájú àbúrò mi.

"Kóòdù tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ. Fi hàn mí."

Ó wò ó pẹ́. Ó fi ìka òsì kan mẹ́rin. Ó tún kan mẹ́rin. Ó tún kan mẹ́rin. Ó gbójú sókè wò mí, bóyá mo ti gbọ́.

"Dúró," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Dókítà ti sọ fún wa pé nọ́ńbà bá ọ̀rọ̀ lọ. Mo béèrè bóyá wọ́n máa padà. Ó ní wọ́n lè padà. Mo ní nígbà wo. Ó ní, "Bàbá, ẹ ní sùúrù." Ó ní ohun tí ọwọ́ bá ń ṣe lójoojúmọ́, nígbà míì ọwọ́ lè rántí rẹ̀ kí orí tó rántí. Èyí ni mo dì mú.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo pe ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fóònù. Mo jókòó ti bẹ́ẹ̀dì pe é, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ẹni tó ni àkáǹtì kò sí níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan gbé e. Ohùn rẹ̀ tutù.

"Ẹni tó ni àkáǹtì nìkan ni mo lè bá sọ̀rọ̀, sà."

"Ó wà níbí."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un ní fóònù."

Mo gbé e sí i lẹ́nu.

"Ẹ ǹlẹ́ o, sà. Kí ni orúkọ yín ní kíkún?"

"Dúró," àbúrò mi wí.

"Kò burú, sà. Mo ń dúró."

Gbogbo wa dúró. Mo ń gbọ́ tí àwọn míì ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ nínú yàrá tí ó wà.

"Ṣé ẹ ti múra tán, sà?"

"Dúró."

"Ẹ má kánjú rárá, sà."

Ìyàwó fi ọwọ́ bo ẹnu. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún, òun náà lè má mọ̀. Mo gba fóònù. Mo ṣàlàyé.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà," ọmọbìnrin náà wí. "Bàbá tèmi náà..." Kò parí rẹ̀. Ó ní fọ́ọ̀mù kan wà. Ó ní kí a fi ìwé dókítà tì í, àti ìwé ilé ẹjọ́ pé èmi ni mo ń dúró fún un. Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá.

"Ọjọ́ Ẹtì ni ìwé àṣẹ ń kú."

"Mo gbọ́, sà."

"Kò sí ọ̀gá kankan tí mo lè bá sọ̀rọ̀?"

"Ó wà, sà. Ohun kan náà ló máa sọ fún yín."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ èmi ló wà níbi tó jókòó sí, ohun tí màá sọ nìyẹn. Mo ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Mo sì máa ń rò pé mo ń ṣe dáadáa.

Lọ́jọ́rú, mo lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì. Ó yẹ kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ilé ìtajà bàtà kan. Pátákó ńlá wà lára ògiri, orúkọ àwọn nọ́ọ̀sì lápá kan, orúkọ àdúgbò lápá kejì. Páálí ìbọ̀wọ́ kún abẹ́ fèrèsé. Nọ́ọ̀sì mẹ́ta ń mu tíì lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá Kọ́kọ́rọ́!" Bí wọ́n ṣe ń pè mí nìyẹn. "Ẹ ṣí bọ́ọ̀lù fún wa. Tòní nìkan."

"Ó di ọjọ́ tí mo bá kú."

"Áà, ẹ má kú o. Bí ẹ bá kú, ta ló fẹ́ ṣí i?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo wọlé.

Obìnrin tí kì í fọ̀rọ̀ sáré ni Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì. Ó gbọ́ mi tán. Ó gbé bírò sílẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó yé mi dáadáa. Bí fóònù ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi bá sọ nù lọ́jọ́ Ẹtì, ní agogo kan ọ̀sán, ẹ ò ní lè tì í pa?"

"Mi ò ní lè tì í."

"Nọ́ńbà ilẹ̀kùn àwọn arúgbó mi á wà nínú rẹ̀."

"Á wà nínú rẹ̀."

"Títí wọ́n á fi kó gbogbo rẹ̀ wá kí ẹ tún un ṣe."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Bàbá, àwọn mìíràn nínú wọn, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni mo ń rí wọn."

"Mo mọ̀."

Ó dìde, ó lọ síbi fèrèsé, ó padà wá. "Àwọn kan ti ń wá mi láti ọdún tó kọjá. Ilé iṣẹ́ ńlá. Mo ń sọ fún wọn pé mo ní ẹni tèmi. Bí ìwé àṣẹ yín bá dọ̀tun kó tó di agogo méjìlá ọjọ́ Ẹtì, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bó bá di pé a máa kó fóònù jọ, ọ̀dọ̀ wọn ni màá kó o lọ. Mi ò lè ṣe irú èyí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má bínú."

"Mi ò bínú."

"Ẹ bínú díẹ̀ kẹ̀, kí n lè mọ ohun tí màá sọ."

Òdodo ló sọ.

"Àbúrò yín ńkọ́? Ṣé ó ń jẹun?"

"Ó ń jẹun."

"Màá rán nọ́ọ̀sì kan sí i, kó máa bá wọn na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyẹn kò kan ọ̀rọ̀ fóònù o."

Mo kí i. Mo sọ̀kalẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni a fi gbìyànjú. Ìyàwó ti kó gbogbo ìwé ọkọ rẹ̀ jáde. A tú wọn wò láti àárọ̀. Lẹ́yìn ìwé àkọsílẹ̀ kan, a rí nọ́ńbà mẹ́fà, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ̀gbọ́n, òun nìyí! Kí ni ènìyàn fi ń fa ìlà méjì sábẹ́ nǹkan?"

Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. Ó ní kí a dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé, ìyàwó ti lọ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ wọn. Nọ́ńbà ẹ̀rọ ìfọṣọ ni.

Méje.

Mo gbé tábúlẹ́ẹ̀tì lé ìrọ̀rí síwájú Kíámọ́sá. Nígbà tí ara rẹ̀ dá, kì í wò ó bó bá ń tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ á fò lórí rẹ̀, á ti ṣí kí o tó ṣẹ́jú. Ó fi ọwọ́ òsì tẹ̀ ẹ́ báyìí, ìka kan ṣoṣo, bí ẹni ń fọwọ́ kan iná. Ó tẹ márùn-ún. Ó dúró. Òógùn bọ́ lójú rẹ̀. Ó tẹ ìkẹfà. Ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Mẹ́jọ.

Mo rántí ohun tí dókítà sọ. Ọwọ́ ọ̀tún ló mọ̀ ọ́n, kì í ṣe òsì. Nígbà tí ìṣẹ́jú pé, mo gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sínú tèmi. Ó tutù. Ó wúwo ju bí ọwọ́ ṣe yẹ kó wúwo lọ. Ó pẹ́ tí mo ti di ọwọ́ àbúrò mi mú bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo ń mú un sọdá títì lọ sílé ìwé ni. Mo na ìka rẹ̀, mo gbé e lé ojú ẹ̀rọ. Mo ń retí kó fà mí. Mo rò pé ó fà mí díẹ̀ sí apá kan. Mo tẹ̀lé e. Mo tún rò pé ó fà mí sókè. Mo tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé mẹ́fà. Bóyá òun ló fà mí. Bóyá èmi ni mo fà á.

Ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. Wákàtí kan.

Mẹ́sàn-án. Mo gba tábúlẹ́ẹ̀tì, mo gbé e lé orí kọ́bọ́ọ̀dù tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo dé ibẹ̀ ní agogo mẹ́wàá. Ìyàwó bá mi sọ̀rọ̀ ní kọ́rídọ̀, ó dín ohùn kù.

"Ẹ̀gbọ́n, àwòrán àwọn ọmọ wà nínú rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní jòjòló. Kò kó o sí ibòmíràn. Bó bá di oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́rin, tí orí rẹ̀ bá padà, ó máa ṣí i fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ̀ ẹ́ lónìí..."

"Mo mọ̀."

"Bí a ò bá sì tẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ ẹ̀yin méjèèjì ni."

Mo ti rò ó lójú ọ̀nà. Nọ́ńbà mẹ́fà, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún ni ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà tò wọ́n. A ní ẹ̀ẹ̀kan. Kò sí ọlọ́gbọ́n tó máa tẹ̀ ẹ́. Mo sọ fún un pé kí a fi í sílẹ̀. Kí iṣẹ́ lọ. Kí àwòrán kù. Ó dì mọ́ apá mi, ó sì tètè jù ú sílẹ̀.

A wọ pálọ̀. Kíámọ́sá wo kọ́bọ́ọ̀dù.

"Dúró," ó wí.

"Ó tó," mo wí. "Fi í sílẹ̀."

"Dúró!" Ó fi ọwọ́ òsì lu irin bẹ́ẹ̀dì. Ó nàka sí tábúlẹ́ẹ̀tì. "Dúró! Dúró!"

Ìyàwó ní kó fara balẹ̀. Kò fara balẹ̀. Ó ń gbìyànjú láti fa ara rẹ̀ dìde. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ yọ̀ sílẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì, a jọ gbé e padà. Mo wo ojú rẹ̀. Kò sí ìdààmú níbẹ̀. Ojú tí mo mọ̀ ni, ti ẹni tó ti rí ibi tí nǹkan ti bàjẹ́, tó ń bínú pé wọn kò jẹ́ kí òun tún un ṣe.

Ó ti mọ̀ ọ́n, mo wí nínú ara mi. Tàbí ó rò pé òun mọ̀ ọ́n. Láti ìta, ọ̀kan náà ni méjèèjì.

Agogo méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Àwòrán ọmọ rẹ̀ ni. Àkáǹtì rẹ̀ ni. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ṣe òfin lé e lórí. Mo wo ìyàwó. Ó wo ilẹ̀.

Mo gbé tábúlẹ́ẹ̀tì fún un.

Kò wò ó. Ìka òsì rẹ̀ fò lórí rẹ̀, mẹ́fà léra léra, kíá, bí ìgbà tí ara rẹ̀ ṣì dá. Fún ìṣẹ́jú àáyá kan, mo gbà á gbọ́. Mo gbà á gbọ́ pátápátá.

Ojú ẹ̀rọ dúdú. Ó pẹ́ díẹ̀. Ó wá funfun. Ìkíni kan jáde sórí rẹ̀ ní èdè kan, lẹ́yìn náà ní òmíràn, bí ẹ̀rọ tuntun ṣe máa ń kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á.

Kíámọ́sá rí ìmọ́lẹ̀ náà. Ó wò mí. Ó fi ọwọ́ lu bẹ́ẹ̀dì, ó bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, a kò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Apá kan ẹnu rẹ̀ nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ̀ ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ṣí?" ìyàwó béèrè.

Ó wo ojú mi, ó mọ̀ pé àwòrán ti lọ. Ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó bẹ̀rẹ̀ sí ká àwọn aṣọ tó ti ká tẹ́lẹ̀.

"O kú iṣẹ́," mo wí fún àbúrò mi.

"Dúró," ó wí. Ó ju ọwọ́ bí ẹni tó ń sọ pé kò tó nǹkan. Ó wá nàka sí ẹ̀rọ, kí n máa bá iṣẹ́ lọ. Àkókò ń lọ.

Mo fa àga mọ́ ọn. Ẹ̀rọ ní kí n yan èdè. Mo yan èdè. Ó ní kí n yan orílẹ̀-èdè. Mo yàn án. Ó béèrè Wai-Fai, ìyàwó pe páswọ́ọ̀dù rẹ̀ fún mi láìyíjú padà. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Kíámọ́sá ń wo ọwọ́ mi, ó ń mi orí sí gbogbo ohun tí mo bá tẹ̀. Mo ń tẹ ohun tí wọ́n bá ní kí n tẹ̀.

Agogo méjìlá lù, fóònù mi sì gbọ̀n nínú àpò. Ó gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ni Olùṣọ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, kò dáwọ́ dúró. Ìyẹn ni Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì. Màá gbé e. Mo kàn fẹ́ parí èyí ná.

Ẹ̀rọ ní kí a yan kóòdù tuntun. Kíámọ́sá na ọwọ́. Mo gbé e sún mọ́ ọn. Ó tẹ mẹ́fà. Ẹ̀rọ ní kó tún un tẹ̀, kó lè dá òun lójú. Ó tẹ mẹ́fà míì. Wọn kò bára mu. Ẹ̀rọ ní kí a tún bẹ̀rẹ̀.

Fún èyí, kò sí òdiwọ̀n iye ìgbà. Ó tẹ mẹ́fà. Ó tẹ mẹ́fà. Mo di ẹ̀rọ náà mú fún un kó má baà yọ̀.